Bí a ṣe ń pààrọ̀ lówà áàmù nílé láìfi ẹ̀mí ṣeré, láìsì pa búṣì tuntun

Ẹni tó bá ń na ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo, tó tún ń yà sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, kò ní pẹ́ gbọ́ ọ: gbì, gbì, lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú nígbàkigbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò. Mẹkáníìkì á ní lówà áàmù ló ti lọ. Ẹ ra tuntun, wọ́n dè é, ariwo lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún padà dé. Ẹni tó ta páàtì ni gbogbo wa máa ń bú, a ní ayédèrú ló tà fún wa. Nígbà míì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ tó de bọ́ọ̀tì ló pa búṣì: wọ́n fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro lókè jáàkì.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Áàmù ni apá irin tó so họ́ọ̀bù táyà (irin tí a ń de táyà mọ́) mọ́ irin ìdábùú tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n ń pè ní kúrọ́ọ̀sì. Orí tó kọjú sí táyà ní bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì (oríkèé róbótó tó ń jẹ́ kí táyà lè yí). Ìdí tó kọjú sí àárín ọkọ̀ ní búṣì méjì. Bí ẹ bá la búṣì kan sí méjì, ẹ óò rí páìpù irin kékeré nínú, òrùka irin ńlá níta, àti rọ́bà láàrin wọn tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ irin pátápátá. Bọ́ọ̀tì máa ń fún páìpù inú mọ́ kúrọ́ọ̀sì, kò sì ní lè yí mọ́. Nígbà tí áàmù bá ń lọ sókè sódò, rọ́bà ló ń lọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Kì í yí bí bíárín. Nítorí náà, ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà lásìkò tí ẹ fún bọ́ọ̀tì ni rọ́bà á máa pè ní ilé. Bí ẹ bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, tí ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ti lọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Kòtò àkọ́kọ́ á tún lọ́ ọ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ya díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì gígùn kan lókè àti áàmù kan ṣoṣo nísàlẹ̀ là ń bá wí níbí: Corolla, Matrix, Camry, Sienna, Golf àti irú wọn. Accord 2003 sí 2007, tí End of Discussion wà lára wọn, ní áàmù òkè pẹ̀lú, iṣẹ́ tirẹ̀ sì gùn ju èyí lọ.

Ṣé áàmù ló ń dún lóòótọ́?

Ẹ má tìtorí ohùn nìkan ra páàtì. Lìǹkéèjì (ọ̀pá kékeré tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá tó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì) tó ti gbó a máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ṣíbí nínú ike, àgàgà lójú ọ̀nà tí kòtò rẹ̀ kéékèèké. Orí ṣọ́ọ̀kì a máa dún lókè, ẹ sì lè gbọ́ ọ bí ẹ bá yí sítíárín lórí ìdúró. Búṣì áàmù ní tirẹ̀ máa ń gbá gbì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, torí pé áàmù ń sún síwájú sẹ́yìn. Ọkọ̀ lè máa fà sápá kan lórí bíréèkì, táyà sì lè máa jẹ lápá inú ju ìta lọ.

Gbé iwájú ọkọ̀ sórí sítáǹdì bí a ó ṣe ṣàlàyé nísàlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, ọwọ́ kejì nísàlẹ̀, kí ẹ máa tì í kí ẹ sì máa fà á. Kí ẹlòmíì máa wo bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. Bí orí rẹ̀ bá ń jáde tó ń wọlé, òun ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ di apá ọ̀tún àti apá òsì táyà mú nìkan ló mì, ẹ yẹ táírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí sítíárín fi ń yí táyà) wò. Èyí tó bá mì níhà méjèèjì, bíárín lẹ ó fura sí. Fún búṣì, ẹ ki ọ̀pá irin sáàrin áàmù àti kúrọ́ọ̀sì, kí ẹ rọra gbé e. Rọ́bà tó ṣì dára á fà díẹ̀, á sì padà síbi tó wà. Ìlà wẹ́wẹ́ lójú rọ́bà kò burú. Èyí tó là wọ inú, tí irin ti ń kan irin, tí epo búṣì ti ń ṣàn jáde (àwọn búṣì kan ní epo nínú), ó ti parí iṣẹ́.

Páàtì

Ẹ bá wa ra áàmù odindi, tó ti ní búṣì nínú. Títẹ búṣì nìkan wọlé gba ẹ̀rọ ìtẹ̀, kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ilé. Ohun tí àwọn kan ń ṣe, pé kí wọ́n dáná sun rọ́bà àtijọ́ jáde, kí wọ́n sì fi òòlù gbá tuntun wọlé, ó máa ń sọ irin áàmù di ahẹrẹpẹ, ó sì máa ń tẹ òrùka búṣì tuntun wọ́gọ̀.

Ọ̀tún àti òsì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹni tó ń tajà bá ní, "Alàájì, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ kàn yí i padà," ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ gbé páàtì sílẹ̀. Ẹ tẹ́ áàmù àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: gígùn wọn, ihò bọ́ọ̀tì, bí irin ṣe tẹ̀, ibi tí ojú ihò búṣì ẹ̀yìn kọ sí. Búṣì ẹ̀yìn nínú àwọn ọkọ̀ kan ní àlàfo nínú rọ́bà tó gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan pàtó. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní òdì nílé iṣẹ́ ayédèrú, àmì àkọ́kọ́ tí ẹ óò rí nìyẹn.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Irin rẹ̀ sábà máa ń dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í purọ́ ọjọ́ orí. Wọ́n á ti fọ̀ ọ́, wọ́n á ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó sì lè ti lo ọdún mẹ́wàá lábẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré nínú yìnyín àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà lọ́hùn-ún. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà náà. Bó bá le bí ìwo, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ tún ra nọ́ọ̀tì tuntun fún bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì àti píìnì tuntun (èyí tí a ń la ẹnu rẹ̀ sí méjì). Nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú kì í dì mú dáadáa lẹ́ẹ̀kejì.

Irinṣẹ́ tó pọn dandan: jáàkì onítáyà tó lè gbé tọ́ọ̀nù 2, sítáǹdì méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì 14, 17, 19 àti 21, ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn pẹ̀lú páìpù tí a ó fi gùn ún, òòlù kìlógíráàmù kan tàbí méjì, ọ̀pá irin, búrọ́ọ̀ṣì onírin, WD-40 tàbí irú rẹ̀, okùn waya, téèpù ìwọ̀n, awò ààbò ojú. Torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí a fi fún bọ́ọ̀tì) dára gan-an. Bí kò bá sí, a ó sọ ọgbọ́n tí a lè dá.

Ilẹ̀ àti jáàkì

Corolla kan wúwo ju 1,100 kg lọ. Jáàkì tí ó ń gbé e dúró ní epo nínú, rọ́bà kékeré kan ló sì dí epo náà. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá já, kì í kéde. Nítorí náà, jáàkì fún gbígbé ni, sítáǹdì ló wà fún dídúró. Ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù ilé rọ́pò sítáǹdì láéláé. Búlọ́ọ̀kù lè gbé ògiri, nítorí pé ẹrù ògiri tẹ́jú lé e. Bí irin tóóró bá gbé ẹrù lé ojú kan lára rẹ̀, ó lè fọ́ wómúwómú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jáàkì inú bútù, èyí tó ń bá ọkọ̀ wá, pípààrọ̀ táyà nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kù tó tẹ́jú ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ pupa àgbàlá wa le bí àpáta nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò ẹsẹ̀ sítáǹdì á rì wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń jà pẹ̀lú bọ́ọ̀tì. Bí kò bá sí kọnkéré, ẹ tẹ́ pákó tó nípọn tó 5 cm, tó sì fẹ̀ tó 40 cm, sábẹ́ sítáǹdì kọ̀ọ̀kan àti sábẹ́ jáàkì. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má ṣe é rárá.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú àwọn bọ́ọ̀tì áàmù, kí ẹ fín WD-40 sí wọn. Ní òwúrọ̀, ẹ tún fín in.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn láti àárín gbùngbùn táyà lọ sókè tààrà dé etí fẹ́ńdà. Ká ní ó jẹ́ 36 cm. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, sára fẹ́ńdà, tàbí síbi tí ojú yín á máa tó o. Nọ́mbà yẹn ni yóò gba búṣì tuntun là.

Wàyí o: bíréèkì ọwọ́ lókè, jíà sí P (tàbí sí jíà kìn-ín-ní fún mánúwà), òkúta tàbí igi níwájú àti lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo kan, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ láti àárín kúrọ́ọ̀sì, kí ẹ sì ki sítáǹdì sábẹ́ ibi tí ilé iṣẹ́ ti fi irin kún etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni kí ẹ gbé, kódà bó jẹ́ ẹyọ kan lẹ fẹ́ ṣe, torí ọ̀pá tí lìǹkéèjì so mọ́ so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì. Bí ọ̀kan bá wà nílẹ̀ tí èkejì wà lókè, ọ̀pá náà á máa ti áàmù, á sì ta lù yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá tú u.

Ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ títí sítáǹdì á fi gba ẹrù. Ẹ dìde, ẹ fi èjìká ti ọkọ̀ gidi, sọ́tùn-ún, sósì. Bí yóò bá ṣubú, ìgbà yìí ni kó ti ṣubú, kì í ṣe ìgbà tí orí wà lábẹ́ rẹ̀. Táyà tí ẹ tú, ẹ fi sùn sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Títú

Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú fóònù kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan: ibi tí orí bọ́ọ̀tì kọjú sí, ibi tí wọ́ṣà wà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ ṣe parí kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, kí èyí tí ẹ kò tíì tú lè máa jẹ́ àpẹẹrẹ.

Ẹ tú lìǹkéèjì bó bá so mọ́ áàmù tàbí tó bá fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. Nínú Corolla 2003 sí 2008, bọ́ọ̀tì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló so ó mọ́ áàmù; tí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì bá ṣì le, ẹ lè tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ lára họ́ọ̀bù. Ọkọ̀ mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ìdí rẹ̀ kúrò nínú họ́ọ̀bù. Ẹ yọ píìnì, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ lórí eyín bọ́ọ̀tì (ìlà tí nọ́ọ̀tì ń gùn) tó ìyípo mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tó bá já, ó máa já lójijì, nọ́ọ̀tì náà ni yóò gbá a mú. Wàyí, ẹ fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ irin họ́ọ̀bù tí ìdí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì wọ̀, lílù tó dun ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ má lu orí bọ́ọ̀tì láti ìsàlẹ̀: eyín rẹ̀ á wú, nọ́ọ̀tì kò ní jáde mọ́, ẹ ó sì ti dá wàhálà kejì sílẹ̀. Ẹ wọ awò ojú níbí.

Gbàrà tí áàmù bá kúrò lára họ́ọ̀bù, ẹ fi waya so họ́ọ̀bù mọ́ òkè. Bí ó bá fì sóde, orí ọ́ọ̀sù (ọ̀pá tó ń yí táyà) tó wà nínú jíà lè fà yọ, ọ́ìlì jíà á dà, páìpù bíréèkì àti waya ABS (èyí tó ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́) á sì fà.

Ó kù àwọn bọ́ọ̀tì búṣì. Kí ẹ tó tú ọ̀kankan, ẹ fi ojú tẹ̀lé ọ̀nà tí bọ́ọ̀tì náà máa gbà jáde. Nínú Corolla 2003 sí 2008 tó ń lo jíà ọtọmátíìkì, ilé jíà dí ọ̀nà bọ́ọ̀tì iwájú lápá òsì. Ẹ ní láti fi jáàkì gbé ẹ́ńjìnì dúró, kí ẹ sì sọ kúrọ́ọ̀sì kalẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi gbé ẹ́ńjìnì dúró dáadáa, apá òsì yẹn, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí a ṣe ń gé bọ́ọ̀tì pẹ̀lú ẹ̀rọ gígé kó lè jáde kì í ṣe ọgbọ́n, nítorí kúkúrú ni bọ́ọ̀tì tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ yóò jẹ́, tàbí kó wọlé ní òdì.

Bọ́ọ̀tì tó bá gan, ẹ fún un díẹ̀ ná, kí ẹ tó tú u. Ipata máa ń já lọ́nà méjèèjì. Iná gáàsì lábẹ́ ọkọ̀, nítòsí páìpù epo àti rọ́bà ọ́ọ̀sù, kò yẹ fún iṣẹ́ ilé.

Dídè

Ẹ nu ibi tí búṣì ń jókòó sí. Ẹ ki áàmù tuntun wọlé, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán yí bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wọlé, ó kéré tán ìyípo mẹ́rin, kí ẹ tó mú sípánà. Bọ́ọ̀tì tó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀ ti wọlé ní wíwọ́. Bí ẹ bá fi agbára lé e, eyín inú kúrọ́ọ̀sì ló máa jẹ. Gíríìsì kò gbọ́dọ̀ kan rọ́bà búṣì, nítorí ó máa ń wú u. Ìdí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tó rí bí òkòtó náà, gbígbẹ ni kí ó wọ ihò rẹ̀.

Ẹ fún àwọn bọ́ọ̀tì búṣì títí wọ́n á fi kan ojú irin, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ní tirẹ̀, ẹ fún un pa báyìí, torí òun ń yí fúnra rẹ̀. Bí ihò píìnì kò bá dọ́gba, ẹ fún nọ́ọ̀tì síwájú títí yóò fi dọ́gba. Ẹ má dá a padà sẹ́yìn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ áàmù, nítòsí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, pẹ̀lú pákó kékeré láàrin. Ẹ máa gbé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíì máa wọn láti àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà. Bí nọ́mbà bá ti padà sí 36 tí ẹ kọ, ẹ dúró. Ẹ óò rí i pé nígbà tí ó bá kù díẹ̀, ọkọ̀ á máa fẹ́ẹ́rẹ́ lórí sítáǹdì, torí pé sípíríìnì rẹ̀ ti ń ru ẹrù tó ń rù lójú ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí ó gbéra kúrò lórí rẹ̀. Bó bá ku sẹ̀ǹtímítà kan, kò burú. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wà, ẹ má sùn sábẹ́ ọkọ̀ lásìkò yìí. Bí ọwọ́ kò bá lè dé bọ́ọ̀tì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ de táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí pákó fífẹ̀ tó ga tó 15 cm lábẹ́ táyà iwájú méjèèjì, ẹ di táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì na ọwọ́ wọlé láti ibẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ fún bọ́ọ̀tì búṣì pa. Ìwé ọkọ̀ yín ló ní nọ́mbà tó yẹ. Tí kò bá sí torque wrench, ẹ ṣe báyìí: ẹ fi páìpù gùn ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sàmì sí ibi tó jẹ́ ìdajì mítà gééré láti àárín bọ́ọ̀tì. Ẹ so òṣùwọ̀n ìkọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja dídì, mọ́ àmì yẹn, kí ẹ sì fà á kó bá páìpù ṣe igun bí igun ilé. 20 kg lójú òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 100 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bọ́ọ̀tì). Bí ìwé bá sọ 137 Nm, ẹ fà á dé 28 kg. Kò péye bí ti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju "mo ti fún un, ó ti le" lọ fíìfíì.

Lìǹkéèjì padà, táyà padà. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla gba 103 Nm, ní ìkọjúsíra, kì í ṣe ní títò yíká. Ẹ fi ọ̀dà tàbí páálíìṣì èékánná fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí bọ́ọ̀tì áàmù kọ̀ọ̀kan dé ara irin tó kàn án. Bí bọ́ọ̀tì bá sún, ìlà á já.

Kí ẹ tó gbé e jáde sójú títì

Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbéra. Ẹ kọ́kọ́ rìn láàrin àdúgbò, ní nǹkan bí 20 km láàárín wákàtí kan, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gun ìdènà eré kan tàbí méjì, kí ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń gbé ní Tánkẹ̀ tàbí Gáà-Akanbí nílùú Ìlọrin ní ìdènà eré tó tó. Ìró gbì tó bá ṣì wà, bọ́ọ̀tì kan kò tíì dì tàbí kì í ṣe áàmù ló ń dún tẹ́lẹ̀. Ìró fífà bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró, ẹ wo bóyá búṣì ẹ̀yìn wọ̀ ní wíwọ́.

Sítíárín lè má dúró láàrin mọ́. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ṣe àṣìṣe: áàmù àtijọ́ ti fà síbi kan, wọ́n sì ti ṣe aláìnmẹ́ǹtì (títo táyà kó kọjú síbi tó yẹ) mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi aláìnmẹ́ǹtì oníkọ̀ǹpútà, kí táyà má baà jẹ. Kí ẹ ṣe é kí ẹ tó tún rìnrìn àjò Àjàṣẹ́ tàbí Ọ̀fà.

Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ wo ìlà ọ̀dà náà. Ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà wò. Áàmù àtijọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí aláìnmẹ́ǹtì á fi parí, torí bí páàtì tuntun bá ní àbùkù, òun lẹ máa gbé lọ fi han ẹni tó tà á. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń ra irin àlòkù á gbà á lọ́wọ́ yín ní kílò.